Idà Tó Wọ Aṣọ Sójà

Kànáfùrù ni idà náà ń rùn. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gá mi ti kọ́kọ́ dójú ti ara rẹ̀, kí èmi náà tó wá kún un.

Nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn. Bedspace, ìyẹn ibùsùn kan ṣoṣo nínú yàrá tí èrò kún, ni mò ń gbé ní International City ní ilẹ̀ Lárúbáwá, mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah, sí ṣọ́ọ̀bù ẹrù àlòkù tí ọmọ Yorùbá kan ni. Èmi ni mò ń kọ àlàyé ọjà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù máa ń bà mí pé wọ́n á mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan, torí ẹ̀rù yẹn ni mo sì ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan.

Màmá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbé idà náà wá. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú bàbá arúgbó kan, ará Japan, ní àdúgbò Al Khan ní Sharjah. Kí bàbá náà tó kú, ó ní kí màmá máa mú idà òun lọ. Ọmọbìnrin bàbá sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá palẹ̀ ẹrù mọ́.

"Tó bá jẹ́ ohun ìdílé wọn ni, màá dá a padà fún ọmọ ẹ̀," ni màmá wí. "Iyè bàbá ti ń ra nígbà tó fún mi. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe rẹpẹtẹ fáwọn sójà ni, màá fi rántí ẹ̀. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ fún mi."

Ọ̀gá mi lọ ra mọ́tò ní Japan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ibẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fa idà yọ nínú àkọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dijú.

"Irinwó ọdún, khalas, ó parí! Òórùn àtijọ́ nìyí."

"Òróró kànáfùrù tí mo fi pa á lóṣù tó kọjá ni, ọ̀gá," ni màmá dá a lóhùn.

Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo wá ti ara mi síwájú. Mo ṣí fóònù, mo wo àkọ̀ irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, mo wo irin róbótó tó wà láàárín ojú idà àti èèkù, tí wọ́n ya òdòdó sí. Gbogbo rẹ̀ bá àwòrán idà àwọn ọ̀gágun Japan nígbà ogun àgbáyé kejì mu. Mo kọ ìwé ojú méjì pé ẹ̀rọ ló ṣe é, pé kò ju ìgbà ogun yẹn lọ. Aṣọ ni mo wò tí mo fi sọ ọjọ́ orí ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo ti kà á pé ó yẹ kéèyàn tú èèkù, kó wo ìdí irin tó wà nínú. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí pé màá bà á jẹ́, ojú sì tì mí láti sọ pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ọ̀gá yí ohùn padà kíá. "Ṣé ẹ rí i, Mà? Ti sójà ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún wa, ká gbé e kọ́ ara ògiri."

Màmá wo ojú mi. "O ò ní tú u?"

"Kò pọn dandan, Mà."

Ó yọ òòlù idẹ kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó gbá èèkàn ọparun tó di èèkù mú jáde, ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ọrùn ọwọ́ tó fi di idà mú lẹ́ẹ̀mejì, èèkù sì yọ. Oṣooṣù ló ń bá bàbá ṣe é. Kò sí èyí tó bi í léèrè nínú èmi àti ọ̀gá. Ọmọ ọ̀dọ̀ la kà á sí.

Ìdí irin náà dúdú kirikiri, ó ti dógùn-ún wọnú. Ihò méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan ò bá ihò èèkù mu.

"Èèkù míì ti wà níbí rí," ni màmá wí. "Ṣé o rí i báyìí, ọmọ yunifásítì? Idà yìí ti dàgbà kí wọ́n tó wọ aṣọ sójà fún un."

Òótọ́ ló sọ. Irin ìgbà ogun kì í dúdú tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣebí mo ti sọ ọ́!" ni ọ̀gá pariwo. "Irinwó ọdún!"

Màmá tò ó padà, ó fi aṣọ wé e, ó lọ láìdágbére. Mo gbọ́ pé nígbà tí màmá gbé e fún ọmọbìnrin bàbá náà, ńṣe ni ọmọbìnrin náà gbé e lé itan, tó ń sunkún. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló gbé e lọ sógun. Ó ti rò pé bàbá òun ti tà á.

Mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ṣì máa ń fi ọ̀gá mi ṣe yẹ̀yẹ́ fáwọn ọ̀rẹ́, títí màá fi rántí ìlà kan nínú CV mi, pé mo ti yẹ idà Japan wò rí, mo sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Òun ni wọ́n bi mí léèrè jù nígbà tí mò ń wá iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, mo sì dáhùn dáadáa. Mo ní màá yọ ìlà yẹn kúrò. Ó ṣì wà níbẹ̀.