Ojú Ewé Kẹta

Àbúrò mi ni Ọláwùmí, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ìfura ni wọ́n fi bí i. Nínú ọjà Onítṣà tí a ti jọ ń ta aṣọ, kì í ra ìgàn kan láìkọ́kọ́ fi itọ́ rin etí rẹ̀, kí ó fi áńkáṣíìfù funfun nù ún, kí ó wò ó bóyá aró rẹ̀ yóò ṣí. Àwọn oníṣòwò Ìbò a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Òun a ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá tẹ̀lé ọkọ wọ ìjọ Mọ́mọ́nì. Bàptíìsì ni wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bi í léèrè irú ìjọ tí kò ní pásítọ̀, tí kò ní ilé, tí àwọn tó ni ín wà ní Amẹ́ríkà tí a ò rí wọn rí. Ó ní ìwé wọn lòun kà, ẹ̀ẹ̀mejì gbáko. Ó ní òun fi itọ́ rin ín, kò ṣí.

Dúrósinmí ọkọ rẹ̀ ló ń darí wọn. Ẹni mẹ́rìnlá ni wọ́n, Yorùbá bíi tiwa ni gbogbo wọn, yàrá rẹ̀ ní Òkpókò lẹ́bàá Onítṣà ni wọ́n ti ń pàdé. Bí lẹ́tà bá ti Amẹ́ríkà dé, òun ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò gbàdúrà sórí búrẹ́dì àti omi. Gẹ̀ẹ́sì ni àdúrà náà, ó wà nínú ìwé wọn, a kò sì gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá joyè àlùfáà ló tọ́ sí. Dúrósinmí gbà pé bí àwọn òyìnbó bá dé, wọn yóò fi òun joyè náà, pé kí òun ṣáà máa gbà á lọ ná.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní 1963, Dúrósinmí pa Gẹ̀ẹ́sì tì. "Olúwa, bù kún oúnjẹ wa" ló gbà, èyí tí àwọn ọmọdé ń gbà kí wọ́n tó jẹ ẹ̀bà. Inú ìjọ dùn pé Yorùbá ti wọnú àdúrà. Àbúrò mi nìkan ni kò ṣe àmín. Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún mi, mo bi í pé kí ló burú níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ lásán ló gbàdúrà sí."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó rò ó pé bóyá ọkọ òun ti fẹ́ lọ sí ìjọ mìíràn, ó tún rò ó pé bóyá obìnrin kan wà níbì kan. Èmi náà ń fẹ́ iná sí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí, torí mo fẹ́ kó padà sí Bàptíìsì.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin Ìbò kan, ará Obosi, tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa na ìwé ìròyìn sí i, ó pè é ní ọmọ ìyá òun ní èdè wọn. "Nwanne m, see una church for paper. Dem say black man no fit be priest for there."

Ó kà á lórí ìdúró. Ó ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún un kà. Nígbà náà ló rántí pé lẹ́tà tí ọkọ òun kà kẹ́yìn kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ nísàlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi, ó sì lọ tú ìwé Dúrósinmí wò. Ojú ewé kẹta lẹ́tà náà wà lábẹ́ èèpo ìwé ìjọ wọn. Ohun tí ìwé ìròyìn sọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Wọ́n tún ní kí Dúrósinmí má gba àdúrà búrẹ́dì mọ́. Orúkọ òǹkọ̀wé wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Dúrósinmí kò jiyàn. Ó ní bí òun bá kà á fún ìjọ, wọn yóò tú ká, bí òun bá sì gba àdúrà tí wọ́n ní kí òun má gbà, olè lòun jà. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń gba ti àwọn ọmọdé. Ó sunkún. Àbúrò mi bi í bóyá ó ṣì gbà á gbọ́.

"Mo gba ìwé ìjọ wa gbọ́. Ojú ewé yẹn ni kò lọ nínú mi."

"Èmi náà gbà á gbọ́, Bàbá Olúwẹ̀mímọ́. Ẹ̀yin ni mi ò gbà gbọ́ mọ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo bá wọn lọ, kí n lè rí i bí ìjọ náà yóò ṣe tú ká. Àbúrò mi dìde, ó ka ojú ewé kẹta síta, kò fo ìlà kan. Ẹni mẹ́fà bọ́ síta. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó lè gbàdúrà sí i. Ọláwùmí bù ú, ó pín in fún àwọn tó kù, ó ní kí wọ́n jẹ ẹ́ bó ṣe wà. Ó bù fún èmi náà. Ojú tì mí, mo jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, òun ló ń gba lẹ́tà, yóò sì ka iye ojú ewé rẹ̀ kí ó tó ṣí ẹnu. Ó kọ̀wé sí Amẹ́ríkà, ó béèrè ìdí. Wọ́n fèsì dáadáa, ṣùgbọ́n ìdí kò sí nínú èsì.

Ní 1966, nígbà tí ìlú gbóná tí àwa Yorùbá ń palẹ̀ mọ́ kúrò nílẹ̀ Ìbò, ìwé ìjọ wọn ni àbúrò mi kọ́kọ́ gbé sínú ẹrù. Nínú lọ́rì, mo bi í bóyá kò tíì rí i pé aró rẹ̀ ṣí.

Ó ní, "Ó ṣí. Mo rí i."

Ó ṣí ìwé náà hàn mí. Ojú ewé kẹta wà láàárín rẹ̀, ó fi sí ibi tí àdúrà búrẹ́dì wà gan-an.

"Mo fi í síbẹ̀," ó ní, "kí àwọn méjèèjì máa wo ara wọn lójú."