Ibi Tí Omi Dé Lára Ògiri Mi

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. Ìkàrẹ́ ni a bí baba mi sí, Ọ̀kà ni ó ti fẹ́ ìyá mi wá. Àgbẹ̀ tí í kírun kí ó tó mú àdá ni baba tí ó bí baba mi. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Síbẹ̀, mo parọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tí àwọn ará yunifásítì wá láti Àkùngbá. Olùkọ́ obìnrin kan àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń ya àwòrán ilẹ̀ etí odò wa, kí a lè mọ àwọn ilé tí àgbàrá òjijì lè wọ̀. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ti ń béèrè ibi tí omi ti dé rí lára ògiri.

"Omi kò wọ ilé mi rí," ni mo wí fún wọn.

Ògiri náà gbè mí lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìkún omi kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń pe akunlé, kí Iléyá tó dé, kí àlejò má baà rí ilà ẹrẹ̀, kí wọ́n máa wí pé ọ̀gá ilé-ìwé kọ́lé sójú odò.

Aránṣọ tí ó háyà yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, gbọ́ mi. Ó pariwo láti ìdí máṣíìnì rẹ̀: "Háà, Màmá! Ta ló wá kó aṣọ àwọn oníbàárà mi lọ lọ́dún tó kọjá? Àbí ẹja ló fẹ́ fi ṣọdún?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà bú sẹ́rìn-ín.

"Máa rán aṣọ rẹ," ni mo wí.

Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àwòrán náà síwájú mi. "Ẹ má bínú, Mà. Ilé yín ló pẹ́ jù níbí, ọ̀rọ̀ yín la fi ń díwọ̀n àwọn ilé ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní omi ò dé, àwọ̀ ewé la máa fi kùn wọ́n. Lọ́jọ́ tí omi bá ń bọ̀, a ò ní pe àwọn tó wà nínú àwọ̀ ewé pé kí wọ́n sá."

Ilé mẹ́fà ni mo kà nísàlẹ̀ tèmi lórí àwòrán náà. Ilé kéwú wà nínú wọn, níbi tí àwọn ọmọdé ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà náà ni àrá sán lápá Ọ̀kà. Oòrùn ṣì ń ràn lórí wa, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run lórí àwọn òkè ọ̀hún ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Omi tí í bò wá kì í dúró de òjò tiwa. Kí ìrẹsì orí iná tó jinná, ó ti dé.

Mo dìde, mo fi ọwọ́ lé ògiri, lókè fèrèsé. "Ibí ni ó dé. Irọ́ ni mo pa." Mo kọjú sí aránṣọ. "Níbo ni àwọn ọmọ rẹ wà?"

"Wọ́n ń sùn ní yàrá, Mà."

Akẹ́kọ̀ọ́ sáré lọ sí ilé kéwú àti àwọn ilé ìsàlẹ̀ yòókù láti ní kí wọ́n sá. Olùkọ́ gbé ọmọ kan, aránṣọ gbé èkejì, èmi kó aṣọ oníbàárà lé èjìká, a gun orí títì. Áàfáà kó àwọn ọmọ kéwú dé, ó ń fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé. Kò pẹ́ tí omi pupa fi já ilẹ̀kùn aránṣọ, tí ó gba inú pálọ̀ mi kọjá, tí ó sì ń gbé àga mi jáde níṣojú gbogbo àdúgbò.

Nígbà tí omi fà, olùkọ́ mú téèpù ìwọ̀n jáde. "Ẹ jókòó, Mà, a máa wọ̀n ọ́n."

Mo kọ̀. Mo wọ inú ẹrẹ̀, mo di orí téèpù mú mọ́ ògiri, mo sì ka iye rẹ̀ sókè kí àwọn ará títì lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ohun tí ó kọ sílẹ̀ fún mi, kí ó lè dá mi lójú pé kò ṣì í kọ.