Baba Wọ̀n-ọ́n-wò, Ẹni Tó Fi Téèpù Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Káàdì

Gbogbo ẹni tó mọ Baba Wọ̀n-ọ́n-wò ló mọ̀ nípa ọjọ́ tó wọn ẹnu máníjà báńkì. Télọ̀ ni bàbá náà, téèpù tó fi ń wọn aṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá ń wẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn án, kò fi owó pamọ́, kò sì gba owó. Ó ní kí ọmọbìnrin tó jókòó sídìí káńtà bá òun pe "kírẹ́díìtì" kí òun gbọ́. Ọmọ náà pè é. Baba ní kó tún un pè, kó má sì tíì pa ẹnu dé, ló bá na téèpù gba abẹ́ gíláàsì wọlé.

Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Máníjà jáde tòun ti kóòtù, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tó dá ìlà dúró. Baba tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Tiyín ló dáa jù." Kí ọkùnrin náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, téèpù ti wà láti igun ẹnu rẹ̀ kan dé ìkejì. Baba fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye íǹṣì rẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó pẹ́ díẹ̀ kí máníjà tó rántí pa ẹnu dé.

Ohun tó gbé e débẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín lójú tirẹ̀. Báńkì fún un ní káàdì tí wọ́n fi ń rajà láwìn, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ ní àṣìtẹ̀ títí tí wọ́n fi ti káàdì náà pa. Báńkì ní bí yóò bá ṣí, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ pe àwọn lórí fóònù, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì.

Baba ní ọmọbìnrin kan, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà. Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Òun ló máa ń gbẹnu sọ fún bàbá rẹ̀ níbi gbogbo, lọ́dọ̀ onílé, ní ilé ìwòsàn, títí dé ibi tí wọ́n ti ń ra abẹ́rẹ́ máṣìnnì. Kí baba tó la ẹnu, ọmọ á ti parí ọ̀rọ̀. Ó wá ní kí bàbá òun kúkú buwọ́ lùwé, kí káàdì àti gbogbo ọ̀rọ̀ báńkì bọ́ sọ́wọ́ òun. Ó ní wọ́n ti dàgbà, ó yẹ kí wọ́n sinmi.

Baba ní, "Mo dàgbà lóòótọ́. N kò yadi."

Wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ Ẹtì. Bí baba bá fúnra rẹ̀ bá báńkì sọ̀rọ̀ títí káàdì fi ṣí, kò sẹ́ni tí yóò gbẹnu sọ fún un mọ́. Bí kò bá lè ṣe é, yóò buwọ́ lùwé, yóò sì jókòó jẹ́ẹ́.

Báyìí ni ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Baba ò gbà pé ohun kan wà láyé tí téèpù ò lè wọ̀n. Ó ní ìbú ẹnu lásán ni Gẹ̀ẹ́sì. "Kírẹ́díìtì" ń fẹ́ kí ẹnu fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, "kóòdù" ń fẹ́ kó rí roboto bí ihò bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn, á kọ ọ́ sórí bébà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ, á fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́, á máa pè é lẹ́yọ lẹ́yọ kó tó fi píìnì so ó pọ̀. Bó ṣe gé "ẹkisipáyárì déètì", ìyẹn ọjọ́ tí káàdì máa kú, nìyẹn, tí àárín rẹ̀ sì sọnù sábẹ́ tábìlì. Odindi ọjọ́ kan ló fi ń pe ọ̀rọ̀ tí kò níbàdí.

Àwọn oníbàárà jìyà. Ẹni tó wá wọn ṣòkòtò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe "síkiọ́rítì kóòdù" kí wọ́n tó dá a lóhùn. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sọ ara rẹ̀ di olùkọ́, ó ní òun ti bá àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé rí, pé imú ni wọ́n fi ń pe "dikiláìnì", ìyẹn kí káàdì kọ̀. Wọ́n fà á títí tí oníbàárà kan fi wá onígbàjámọ̀ dé ọ̀dọ̀ baba pẹ̀lú orí tí wọ́n fá dé ìdajì. Baba wọn imú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo téèpù, ó ní imú yìí ti tóbi ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe báńkì nílé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣíìnì ló máa ń dúró sí, torí pé èèyàn kì í rí ojú ẹni lórí fóònù. Baba á béèrè omi, ìyá á ní kó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí káàdì máa kú. Bó bá ṣì í pè, ìyá á ní àwọn ò rí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ń gbádùn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì kò. Ọmọ gbé ìwé àti bírò síwájú, ìyá jókòó, onígbàjámọ̀ náà yọjú. Baba pe báńkì. Ohùn obìnrin kan tí ẹ̀rọ ń sọ ló kọ́kọ́ jáde, ó dùn bí oyin. Baba kí i, ó béèrè ilé àti iṣẹ́ rẹ̀. Ohùn náà ní kó tẹ oókan. Baba tún un kí. Ó tún ní kó tẹ oókan. Baba fọwọ́ bo fóònù, ó ní, "Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Mò ń kí i, ó ń rán mi níṣẹ́." Ìyá ló nawọ́ bá a tẹ̀ ẹ́.

Èèyàn gidi wá bọ́ sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ó béèrè orúkọ, baba sọ ọ́. Ó béèrè kóòdù, baba pè é, ẹnu rí roboto. Ọjọ́ tí káàdì máa kú náà jáde tòun ti ìbàdí rẹ̀. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá béèrè ohun tí kò sí nínú gbogbo bébà tí baba gé, ó sì sáré sọ ọ́. Baba bẹ̀rẹ̀ sí í tú bébà rẹ̀ wò. Ọmọkùnrin náà wá fi pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ẹnì kan wà nílé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó gbé fóònù fún un.

Ọmọ baba na ọwọ́.

Baba wo ọwọ́ náà. Ó dìde nílẹ̀. Ó sọ fún ọmọkùnrin náà ní Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ pé, "Èmi ni mo ni káàdì. Rọra sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ ẹ." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó pé íǹṣì rẹ̀. Ọmọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì rọra tún un béèrè: kí ni baba fi káàdì rà kẹ́yìn? Bọ́tìnnì ni. Baba sọ àwọ̀ rẹ̀, ó sọ iye ihò rẹ̀, ó sì ní kó bá òun kí ìyá rẹ̀. Káàdì ṣí. Ọmọ ká ìwé rẹ̀ sínú báàgì, kò sọ nǹkan kan, onígbàjámọ̀ sì ní ìyẹn gan-an ló ya òun lẹ́nu jù.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sinmi mọ́ ládùúgbò. Baba ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí ajá.

Nígbà tí àìsàn dé, ọmọ yìí náà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wo baba lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá yíjú sí ọmọ, ó ní níbo ló ń dùn wọ́n, láti ìgbà wo? Ọmọ mọ gbogbo rẹ̀. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Ó ní, "Ẹ bi wọ́n, dókítà. Àwọn ló ni ara wọn."

Baba yí orí lórí ìrọ̀rí, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wúkọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí dókítà, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrora rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ṣì í pè lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ jókòó tì í, ó ń gbọ́ gbogbo àṣìpè náà, kò tún ẹyọ kan ṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni baba kú. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ máníjà báńkì nílé wọn, ọmọ náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ti ilé ìwòsàn yẹn ni òun ì bá tún gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n ṣe ṣì í pè gẹ́lẹ́.