Omi Tí A Kọ̀ Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rọra jókòó, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ ṣe míṣọ̀n nílẹ̀ òkèèrè.

Òkèèrè tí mo ń wí yìí, apá Kútọnu ni o. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, torí gbogbo àdúgbò mi ní Ìgándò ló ti fi mí rẹ́rìn-ín tán. Mo ń gẹ irun níbẹ̀, ẹ sì mọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kò sọ́rọ̀ tí wọn kì í tú palẹ̀. Bí mo ṣe sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà pé mò ń lọ ìlú òkèèrè lọ ṣiṣẹ́ Olúwa, ẹnì kan ní ṣé dọ́là ni wọ́n ń ná ní Kútọnu ni. Èkejì ní òun ò tiẹ̀ ní wá onígbàjámọ̀ mìíràn, pé kí irun òun tó hù wọ́n á ti lé mi padà wálé. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fi ìlàjì orí ẹ̀ sílẹ̀ láìgẹ̀.

Ṣé ó wá yé yín pé ìrìn àjò yìí ò gbọdọ̀ bàjẹ́? Tí wọ́n bá dá wa padà lóòótọ́, níbo ni mo fẹ́ gbé ojú gbà wọ Ìgándò?

Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì ló ṣáájú wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ kan, ó parí nìyẹn. Àwọn ló bá mi bẹ Pásítọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn lọ, torí Pásítọ̀ ní mi ò ní sùúrù, pé bodè gan-an ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n máa pín awò ojú fáwọn àgbàlagbà, èmi máa gẹ irun lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá wá ní ọjọ́ tí a bá máa wọ abúlé tí a ń lọ, a máa gbààwẹ̀. Kì í ṣe ààwẹ̀ tí wọ́n ń mu tíì sí o. Omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu títí a fi máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Gbogbo wa ní àmín. Ẹ mọ àwa ará Alímọ̀ṣọ́ níbi tí Ìgándò wà ná. Tí a bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, ààwẹ̀. Tí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́, ààwẹ̀.

Oòrùn ò kúkú mọ̀ pé a ń gbààwẹ̀ ṣá. Nígbà tí a fi máa kọjá bodè Sẹ̀mẹ̀, tí a wọ ọ̀nà eléruku pupa tó lọ sí abúlé náà létí odò, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Ọ̀yàyà ni wọ́n fi gbà wá. Wọ́n to àga fún wa sábẹ́ igi máńgòrò, Baálẹ̀ jókòó kọjú sí wa, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Bọ̀ròdá Máùtín, ọmọ Ègùn tó ń gbé Ìṣẹ̀rí-Olófin, ló ń túmọ̀ fún wa. Kò tíì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan tí ìyá àgbà kan fi gbé igbá omi dé. Wọ́n kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ fúnra wọn, wọ́n wá kúnlẹ̀, wọ́n nà án sí Màmá Díkínẹ́ẹ̀sì.

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún yín, à ń gbààwẹ̀ ni. Ìyá àgbà gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ààwẹ̀. Ó kan èmi. Mo gbé itọ́ tí ò sí lẹ́nu mi mì, mo ní ààwẹ̀.

Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ ráńpẹ́, Máùtín ò tètè túmọ̀ ẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n wí? Ó ní Baálẹ̀ ń bèèrè pé kí ni àwọn fi ṣẹ̀ wá. Pé lọ́dọ̀ wọn, omi ni wọ́n fi ń gba àlejò, ìgbà tó bá mu ún tán ni wọ́n ń bi í pé kí ló gbé e wá. Ẹni tó bá kọ omi, ìjà ló bá dé, wọn kì í sì í bi oníjà ní iṣẹ́ tó ń jẹ́.

Màmá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, pé oògùn wà, awò ojú wà, onígbàjámọ̀ wà. Baálẹ̀ ti yíjú síbòmíràn. Obìnrin kan wá, ó ń rọra kó àwọn àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀yin ará, ó ń kó àga! Gbogbo ẹ̀rín Ìgándò bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi.

Máùtín bá sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òun ti wí nínú ọkọ̀, pé wọ́n máa gbé omi wá, Màmá ló ní Ọlọ́run á bójú tó o. Mo gbaná jẹ, mo fò dìde. Mo ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká mu ún jàre, ṣé Ọlọ́run ò mọ̀ pé òùngbẹ wà ni? Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní lórí èwo, ṣebí wọ́n ti ń kó o lọ. Wọ́n bá fà mí mọ́ra, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tó wà nínú ẹ̀? Ìlú onílùú nìyí, ọmọ mi. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fi sí i?"

Hẹn-ẹ́n. Àṣé kì í ṣe ààwẹ̀ nìkan.

"Omi kànga ni. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ìyá àgbà ló dáhùn o, Yorùbá tó já gaara! Àṣé ẹja ni wọ́n ń tà ní Àgbádárìgì kí wọ́n tó darúgbó padà wálé. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n gbọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní ohun tí Màmá ń bẹ̀rù yẹn gan-an ló jẹ́ káwọn kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú wa.

"Ẹ̀rù yín ń ba àwa náà," ni wọ́n wí. "A ò mọ̀ yín rí. Síbẹ̀ a gbé àga fún yín."

Mo kàn nawọ́ gba igbá náà, mo mu. Kì í ṣe pé mo gbọ́n o. Ojú ló tì mí, òùngbẹ sì ń pa mí kú lọ. Omi náà tutù, ó ń rùn bí amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo mu, mo tún mu lé e.

Màmá ń wò mí. Mo ti ń retí ìbínú wọn. Ni wọ́n bá kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà, wọ́n ní ẹ forí jì mí, Mà. Wọ́n gba igbá lọ́wọ́ mi, wọ́n dijú, wọ́n mu. Wọ́n tún yọ́ sọ fún mi pé tí Pásítọ̀ bá bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣínu, kí n ní àwọn ni.

Igbá yẹn kárí gbogbo wa. Baálẹ̀ bá yíjú padà, wọ́n ní a kú àbọ̀, kí ló gbé wa wá?

Nígbà tí mo to irinṣẹ́ mi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó. Baálẹ̀ fúnra wọn ló dìde. Wọn ò fẹ́ kílípà, wọ́n ní abẹ ni kí n fi fá a. Mo fi ọṣẹ pa orí wọn, wọ́n dorí kodò, wọ́n gbé ọrùn lé mi lọ́wọ́ báyìí. Mo ní kí Máùtín bá mi bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni, àjèjì tó mú abẹ dání?

Wọn ò tiẹ̀ gbórí sókè. Wọ́n ní, "Ṣebí ó ti mu omi mi."

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní nǹkan. Ó dùn, ó sì ń mórí wú. Gbígbà ló le. Ṣùgbọ́n tí o kò bá lè gba omi lọ́wọ́ èèyàn, báwo lo ṣe fẹ́ kó gba oògùn lọ́wọ́ rẹ?

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ibo lẹ dé rí tí wọ́n gbé nǹkan fún yín tí ẹ̀rù bà yín? Ṣé ẹ gbà á ni àbí ẹ kọ̀ ọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ tiwọn jù, torí mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbàgbé ojú ẹni tó gbé e wá.