Òrùlé Bàbá Sùlè Lórí Ọkọ̀ Wa

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní abúlé wa létí odò Ọ̀ṣun pé ta ló gba ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ lọ́wọ́ òjò àkọ́rọ̀. Èmi ni wọ́n máa dárúkọ. Bí wọn ò bá dárúkọ mi, owú ń jẹ wọ́n ni.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Sùlè ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Agbẹ́kọ̀ ni wọ́n: wọ́n ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Mo ti kọ́kọ́ lọ sílé ìwé àwọn oníwàásù n'Ìbàdàn, ìjókòó ibẹ̀ ń dùn mí nídìí, mo bá fẹsẹ̀ fẹ. Ìyẹn ni Bàbá ṣe ń pè mí ní Akọ̀wé.

Ọkọ̀ yìí nìkan ló ń gbé gbogbo wa lọ sí oko òdìkejì odò. Ara ẹ̀ ti ń rà. Bàbá ní ká ha gbogbo ibi tó jẹrà kúrò. A ha á títí igi tó le fi yọ, tó mọ́ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Bàbá, ó yá, ká fi àdín pa á." Ara mi ò gba ìdúró. Àdín lepo èkùrọ́ tí kì í jẹ́ kí omi wọ igi.

"Akọ̀wé, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Tó o bá fi àdín pa igi tútù, o ti omi mọ́lé nìyẹn, inú ni yóò ti máa jẹ ẹ́. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Igi ń mí."

A gbé e lé igi ìdábùú lábẹ́ ibòji, a ń wò ó. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó gbẹ tán ni Bàbá lọ sílùú, wọ́n lọ wá ìda oyin tá a máa yọ́ mọ́ àdín. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an lojú ọ̀run ṣú.

Bí òjò bá pa igi ìhòòhò yẹn, odò á ti kún kí igi náà tó tún gbẹ. Iṣu wa sì wà lóko òdìkejì. Ọkọ̀ náà wúwo ju ohun tí àwa tá a wà nílé lè gbé.

Ìyá Àdùkẹ́, tí oko wọn wà lódìkejì, gbé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù dé. "Ẹ jẹ́ ká fi bò ó."

"Ẹ má dán an wò, ìyá! Ewé tútù á làágùn sí i lára, á bu."

"Kí la wá máa fi bò ó? Ìwé tó o kà?"

Mo wò yí ká. Ahéré Bàbá Sùlè ló wà nítòsí, òrùlé koríko bẹẹrẹ tuntun. Mo gùn ún, mo fa ọ̀bẹ yọ, mo ń gé okùn.

"Ilé àgbàlagbà lò ń tú yẹn? Orí ẹ pé?"

"Ó pé, ìyá. Ẹ bá mi di etí kan mú!"

Ẹ̀rín ń pa wọ́n, àmọ́ wọ́n gbé e. A fi igi ẹlẹ́ka gbé òrùlé náà ga sókè ọkọ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ ẹ̀. Bá a ṣe sún sẹ́yìn báyìí lòjò já lulẹ̀.

Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́, omi ń ro lára wọn. Ẹní wọn ń léfòó láàárín òpó mẹ́rin.

"Ta ló jí òrùlé mi?"

Gbogbo ọwọ́ na sí mi. Bàbá wọ abẹ́ òrùlé, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, wọ́n tún fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án.

"Ó gbẹ," ni wọ́n wí. "Níbo wá ni kí n sùn, Akọ̀wé?"

"Inú ọkọ̀, Bàbá. Ibẹ̀ nìkan ni ò jò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sùn.

Nígbà tó yá, a fi àdín àti ìda gbígbóná pa á. Odò kún, ọkọ̀ wa ń lọ, kò mu ẹ̀kán omi. Ìyá Àdùkẹ́ jókòó síwájú bí olorì. Àwọn ará òdìkejì bi Bàbá pé ta ló tún un ṣe.

"Akọ̀wé mi ni," ni Bàbá wí. "Ilé mi ló fi ṣe é."

Mo ti dá òrùlé náà padà. Bàbá ní kí n má so okùn ẹ̀ le jù.