Òdòdó Ara Ògiri Ilé Wa ní Yábà

Òòlù ti ba ògiri lẹ́ẹ̀mejì kí Màmá tó jáde. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn onípákó, eruku ẹfun ń kún mi nímú, fèrè rélùwéè ń ké lọ lápá Èbúté-Mẹ́ta. Ìyá tó bí bàbá mi là ń pè ní Màmá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, àga lọ́wọ́ kan, igbá ẹ̀gúsí lọ́wọ́ kejì. Ó jókòó sí bákónì òkè, ó fẹ̀yìn ti ògiri tí bíríkìlà ń wó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí.

"Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ," ló wí fún un. "N ò dí yín lọ́wọ́."

Bíríkìlà gbé òòlù sílẹ̀. Ta ni yóò la òòlù mọ́ ìyá arúgbó lórí?

Àkọ́bí Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbéṣẹ́ náà fún un. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa ti gbó lóòótọ́. Àwọn fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lórí bí ọrun, òdòdó símẹ́ńtì tó yí wọn ká sì ti ń sán. Láyé ìgbà náà, ilé olójú pẹlẹbẹ onígíláàsì ló gbòde ní Súrùlérè, ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ń fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó fi máa ti ọ́fíìsì dé, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, Màmá kò tíì kúrò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ojú máa ń tì mí bí àwọn ará ọ́fíìsì bá bá mi délé."

"Ojú ń tì ọ́?" Màmá kò gbórí sókè. "Bàbá mi ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ òdòdó wọ̀nyí kí símẹ́ńtì tó gan, iṣẹ́ tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé. Ìyá mi ló ń ru omi tí wọ́n fi pò ó, ó sì lóyún mi sínú. Bóo bá fẹ́ gíláàsì, fi sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú ilé yìí, rárá."

"Ó máa wó lọ́jọ́ kan, Màmá."

"Ká tún un ṣe nígbà náà."

Kò pariwo. Ibẹ̀ ló ti jẹun, ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó tún gbé àga jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò ó títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó bu ẹ̀gúsí sọ́wọ́, òun náà ń bó o.

Bíríkìlà padà wá pẹ̀lú yanrìn tí wọ́n ti jọ̀, láti tún òdòdó tó ti bà jẹ́ mọ. Màmá dúró nísàlẹ̀, ó ń nàka: "Ewé yẹn kéré. Tún un ṣe." Síbẹ̀, òdòdó tuntun náà sanra ju ti àtijọ́ lọ. Màmá tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Òdòdó ṣáà ni."

Màmá ti lọ sinmi. Ilé náà ṣì dúró láàárín àwọn ilé gogoro. Èmi náà ti sọ pé rárá fún àwọn tó jù mí lọ láìmọye ìgbà. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí ohùn mi ń ga níbi àríyànjiyàn, mo máa ń rántí Màmá lórí àga rẹ̀, màá sì kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń sọ kò tíì dá èmi fúnra mi lójú.