Ìwé Tó Sùn ní Moniya

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Gbádérọ̀ fi nu eruku ìwé nílé-ìkàwé àtijọ́ kan ní Dùgbẹ̀. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Ojú ló fi mọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń gbé. Òfin sì ni pé ìránṣẹ́ kì í jókòó sórí àga òǹkàwé. Kò jókòó níbẹ̀ rí.

Nígbà tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, fáànù tuntun làwọn ọ̀gá ń rà. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Lọ́jọ́ tí àjà já lulẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ikán wọlé. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn ṣì wà lọ́wọ́ bàbá, ló bá ń fi àpò gààrí kó ìwé lọ sílé rẹ̀ ní Moniya. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́jọ ni ìwé fi gba yàrá, tí òun àti Láwùmí, ìyàwó rẹ̀, ń sùn ní pálọ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba tún ilé-ìkàwé náà ṣe. Wọ́n pààrọ̀ páànù, wọ́n tún ògiri rẹ́, wọ́n dá fèrèsé ìrókò padà bó ṣe wà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n pẹpẹ ìwé ṣófo, rédíò sì ń kéde pé wọ́n ń wá ẹni tó jí ìwé ìjọba kó.

Láwùmí bú sẹ́kún. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká dáná sun wọ́n. Wọn ó pè yín lólè lọ́jọ́ ogbó!"

"Tí mo bá sun wọ́n, ìgbà yẹn gan-an ni mo dolè."

Ẹ̀rù bà á o, kí n má purọ́. Síbẹ̀, ọ̀sán gangan ló fi mọ́tò kó wọn lọ sí Dùgbẹ̀. Ó ṣí fìlà níwájú ọ̀gá tuntun, Ìyáàfin Ṣọlápé.

"Ọ̀gá, èmi lẹ ń wá."

Obìnrin náà wo àpò, ó wo bàbá, ó ní kó kó wọn wọlé. Bàbá to ìwé títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ọ̀gá fi àkọsílẹ̀ àtijọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: kò ṣi ẹyọ kan.

"Bàbá, ìwé pọ̀ níbí nígbà náà. Báwo lẹ ṣe ṣa àwọn wọ̀nyí? Ṣé ẹ ti kà wọ́n ni?"

"Mi ò mọ̀wé kà, ọmọ mi. Àwọn tí ọwọ́ èèyàn ti mú gbó ni mo kó. Mo ní àwọn yẹn ni wọ́n máa padà wá bèèrè."

Omi lé ròrò lójú Ṣọlápé. Ó fa àga òǹkàwé kan jáde.

"Kò sí olè níbí, bàbá. Ẹ jókòó."

Bàbá wo àga náà títí. Ó fi fìlà rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀, ó sì jókòó.